Epo Ọbáńtokò àti Aṣọ Funfun Bàbá Mi

Ohun mẹ́ta ni bàbá mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn jiyàn lé lórí: pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, pé aṣọ tí kò bá ti Ìtòkú jáde kì í ṣe àdìrẹ, àti pé kò sí epo bẹntiróòlù gidi ní gbogbo Abẹ́òkúta àfi èyí tí wọ́n ń tà ní ilé epo kan báyìí ní Ọbáńtokò. Ti àkọ́kọ́, èmi náà gbà á tọkàntọkàn. Ti èkejì, a lè jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀kẹta yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di àpọ́n títí ayé, inú sì ń bí mi títí di òní bí mo bá ti rántí rẹ̀.

Kémta ni ilé wa. Ilé epo kan wà nítòsí wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣàpọ́n, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá kú síwájú ilé wa, èèyàn mẹ́ta lè tì í débẹ̀ kí wọ́n má tíì làágùn. Bàbá mi kì í yà síbẹ̀. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á yíjú sí òdìkejì títì bí ọmọ iléèwé tó pàdé olùkọ́ rẹ̀ lọ́jà, wọ́n á wa ọkọ̀ kọjá, ó di Ọbáńtokò. Kí á tó débẹ̀, kí á tó tò, kí á tó rà, kí á tó wá gba inú gosiló padà sílé, apá kan nínú epo tí a rà ti jóná. A ń sun epo lọ ra epo. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò bi mí.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé bàbá mi nìkan ni orí wọn dà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú wa, gbogbo ẹni tó bá ti ní ọkọ̀ ló ní epo tirẹ̀. Ẹnìkan á ní epo ibí yìí ń jó bí ìwé, ẹlòmíràn á ní tọ̀hún wúwo, ó máa ń pẹ́ nínú táǹkì. Ọkùnrin kan ní Ìjemọ̀ sọ fún mi, pẹ̀lú ojú gbígbẹ, pé òun kì í ra epo láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè nítorí pé epo náà ti sùn sínú ilẹ̀ láti Sátidé, ara rẹ̀ kò ní tíì yá. Bẹ́ẹ̀, mo fi ojú ara mi rí ọkọ̀ agbépo kan tó já ìdajì ẹrù rẹ̀ sí ilé epo kan, tó wá gbé ìdajì yòókù lọ já sí èkejì. Mo sáré wá sọ fún bàbá mi. Mo rò pé mo ti mú wọn.

Wọ́n ní, "Odò kan náà ni gbogbo wa ń pọn. Ṣé ọbẹ̀ gbogbo ilé ló dùn?"



Ọkọ̀ tí à ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan ni, àgbà ọkọ̀. Ìyá mi nìkan ni bàbá mi fẹ́, ṣùgbọ́n "orogún mi" ni ìyá mi máa ń pe ọkọ̀ náà, nítorí pé bí òjò bá ṣú, ọkọ̀ ni bàbá mi máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bò kí wọ́n tó rántí ẹni tó wà lọ́jà. Ìdérí ẹnu táǹkì rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Kàkà kí bàbá mi ra òmíràn, wọ́n ní kí ìyá mi fún àwọn ní àkísà àdìrẹ kan, wọ́n ká a, wọ́n fi dí táǹkì lẹ́nu. Ìyá mi ní, "Alájì, ẹ ra ìdérí." Bàbá mi ní, "Ohun tí àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá rà ni mo fi dé ẹnu táǹkì mi. Ìdérí wo ló tún kù?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Bàbá mi wọ agbádá funfun tuntun, a sì ra epo ní ilé epo ìtòsí wa, nítorí pé nígbà náà wọn kò tíì bá a jà. A dé Ṣàpọ́n ni ọkọ̀ bá wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó mí kanlẹ̀, ó kú sáàárín títì. Àwọn ọlọ́kadà ń pè wá ní orúkọ tí kò ṣeé kọ sínú ìwé. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá mi ti ọkọ̀, gíríìsì sì ya àwòrán sára agbádá. Nígbà tí a máa fi dé mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ti ń kí ara wọn ní ẹ kú ìrun.

Mẹkáníìkì wá, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù epo, ọkọ̀ jí. Ó fẹ́ sọ ohun tó bá nínú páìpù náà fún bàbá mi. Bàbá mi ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, àwọn ti mọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa àwa tí a ń ṣe àdìrẹ. Aṣọ la fi ń dá ẹjọ́ gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá gbé aró tuntun wá tà fún wa, a ò ní bi wọ́n pé ṣé ó dára, a ó kán an sára aṣọ funfun, aṣọ á sọ. Bí ọṣẹ ni, aṣọ á sọ. Bàbá mi ti kán oyin sára aṣọ rí níwájú ìyá tó ń tà á, tí ìyá náà sì gbé oyin rẹ̀ kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú èébú. Nítorí náà, nígbà tí a délé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, bàbá mi wọ yàrá tí a ń kó ọjà sí, wọ́n fa ìdì aṣọ funfun tuntun kan yọ, wọ́n gé pẹ́lẹ́bẹ́ kan níbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà fa epo díẹ̀ nínú táǹkì, wọ́n kán an sí aṣọ náà. Wọ́n ní epo tó mọ́ á fò lọ, kò ní fi àpá sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti fi kẹrosíìnì lú, àpá rẹ̀ á yípo síbẹ̀.

Epo gbẹ. Àpá kan yípo síbẹ̀ rogodo.

Bàbá mi ká aṣọ náà bí ìwé ẹ̀rí, wọ́n gbé e lọ sí ilé epo, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú máníjà ibẹ̀ àti gbogbo oníbàárà tó tò. Wọ́n ní, "Ẹ ń lú epo." Máníjà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò ga púpọ̀, ní, "Alájì, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká yẹ ọkọ̀ yín wò." Bàbá mi ò dúró gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí máníjà bá jókòó síwájú ilé epo rẹ̀ láàárọ̀, tó sì kí wọn pé, "Ẹ kú àárọ̀, Alájì," bàbá mi kì í dáhùn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tèmi mọ̀, ó sàn kí o gbá èèyàn létí ju kí ó kí ọ kí o má dá a lóhùn. Ẹni tí o gbá létí, àwọn àgbà á bá yín parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni a kọ́kọ́ lọ sí Ọbáńtokò. Bàbá mi fẹ́ dán epo wọn wò, ṣùgbọ́n wọn kò mú aṣọ láti ilé. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n fa áńkáṣíìfù funfun tí wọ́n fi ń nu ojú yọ, wọ́n kán epo sí i. Ó fò lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Bàbá mi gbé áńkáṣíìfù náà sókè sí oòrùn, wọ́n ní, "Àlàmdúlílà!" Ìfẹ́ wọn àti Ọbáńtokò bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀. Mo rí aṣọ ti àkọ́kọ́, mo rí ti èkejì, kò sì sí nǹkan kan tó sọ sí mi lọ́kàn. Ọgbọ́n ò pọ̀ lágbárí èmi náà.

Èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ gbé aṣọ fún àwọn oníbàárà, èmi náà sì ni wọ́n wá fi ṣe ẹni tó ń lọ ra epo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, wọ́n ní kí n lọ sí Ọbáńtokò. Mo wo ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn, ó ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbìyànjú rẹ̀, àárín ọ̀nà ni màá ti máa ti ọkọ̀. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo yà wọ ilé epo tí bàbá mi ń bá jà.

Ọmọbìnrin kan jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó wo ọkọ̀, ó wo àkísà tó wà lẹ́nu táǹkì, ó wá wo èmi.

"Ṣé ọkọ̀ Alájì alákìísà kọ́ nìyí?"

Mo ní, "Rárá o."

"Àwọn méjì ló wá ń fi àdìrẹ dé táǹkì ní ìlú yìí?"

Mo ní bóyá àwọn mẹ́ta tilẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ má mikàn. Mi ò ní sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ra ọ́ìlì kan kí n lè pa ẹnu mọ́."

Mo rà á. Ìgbà tí mo wà lọ́nà ilé ni mo tó rántí pé ọkọ̀ wa kò nílò ọ́ìlì. Mo ti agolo náà bọ abẹ́ ibùsùn mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbádùn.

Nígbà tó tún di pé wọ́n rán mi lọ sí Ọbáńtokò, epo wà nínú táǹkì tó lè gbé mi débẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún yà síbẹ̀. Ìgbà kẹta, n kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn mọ́. Ọmọ máníjà ni. Ó ti kàwé tán, ó ń bá bàbá rẹ̀ bójú tó ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì kí ó tó ríṣẹ́. Ó lè fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ojú mi á fi pọ́n, bó bá sì rí i pé ó ti pọ̀ jù, á fa àga fún mi, á ní kí n jókòó. Gbogbo àkókò tó yẹ kí n fi lọ sí Ọbáńtokò kí n sì fi bọ̀, orí àga yẹn ni mo ti ń lò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò mọ ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbà sọ ọ́, bó ṣe rí lára mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ́ọ̀bù lásán kí bàbá ọmọ má bèèrè. Nítorí náà mo máa ń ra ọ́ìlì. Abẹ́ ibùsùn mi ń kún.

Bàbá mi ń gun ọkọ̀, inú wọn ń dùn. "Ṣé o rí i bó ṣe ń lọ gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀? Ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀? Epo Ọbáńtokò nìyẹn." Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Odindi oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ yẹn kò fi ẹnu kan epo Ọbáńtokò.

Nígbà tó yá, mo lọ bá máníjà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe aya. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọn ò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ dun mí jù. Wọ́n ní, "Ìwọ, n kò ní ohun kan sí ọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ pè mí ní olè níwájú àwọn èèyàn, mo sì ń kí wọn láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ mi. Ilé tí wọn kò ti lè dáhùn ìkíni mi, ṣé ibẹ̀ ni kí n rán ọmọ mi lọ? Bí bàbá rẹ bá wá síbí, a jọ máa sọ̀rọ̀."

Mo délé, mo bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Mo ní mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Inú wọn dùn, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni?" Mo sọ ọ́.

Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀. "Ọmọ ẹni tó ń lú epo? Kí ẹ wá bí ọmọ fún mi, kí ọmọ náà máa ní àpá rogodo lára?"

Inú bí mi. Bí inú bá sì ti bí mi, ẹnu mi kì í dúró de orí. Mo ní, "Bàbá, epo ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ yín ń mu láti oṣù mẹ́jọ. Epo ibẹ̀ náà ni ẹ ń yìn."

 Bàbá mi ní irọ́ ni. Mo ní wàláì ni. Wọ́n ní kò burú, wọ́n ní aṣọ ni yóò sọ fún wa. A máa kán epo méjèèjì sí aṣọ lójú gbogbo ilé. Bí ti ilé epo ìtòsí bá mọ́, àwọn fúnra wọn yóò lọ tọrọ ọmọ náà fún mi. Bí àpá bá yípo níbẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ láé. Mo ní mo gbà. Ẹ ò rí i pé mo jẹ́ òmùgọ̀ gidi, mo fi ìyàwó mi ta tẹ́tẹ́ lórí aṣọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsárì, gbogbo ilé pé sí àgbàlá. Bàbá mi ti lọ sí Ọbáńtokò fúnra wọn, wọ́n bu epo sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ìyá mi ni wọ́n rán lọ bu ti ìtòsí, nítorí pé ẹsẹ̀ bàbá mi kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀; wọ́n gbé e sílẹ̀ fún wa, wọ́n padà sídìí aró. Kí ẹ̀tọ́ lè wà, inú ìdì aṣọ tuntun kan náà ni wọ́n ti gé pẹ́lẹ́bẹ́ méjì, ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ kán ti ìtòsí. Mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀, mo tilẹ̀ ka ti wíwọ ilé ìgbẹ́ mọ́ ọn. Epo gbẹ. Àpá yípo síbẹ̀ rogodo.

Bàbá mi wò mí.  

Wọ́n wá kán ti Ọbáńtokò, kí wọ́n kàn lè fi han gbogbo ayé bí epo gidi ṣe ń rí. Epo gbẹ. Àpá yípo síbẹ̀, ó tilẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá ní làákàyè á dúró, á ronú. Bàbá mi wo aṣọ náà pẹ́, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí ọ̀rẹ́ já kulẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Wọ́n ti kó èèràn ran Ọbáńtokò."

Bí Ọbáńtokò ṣe ṣubú nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì bàbá mi gbéra lọ sí Láfẹ́nwá, wọ́n bu epo wálé, wọ́n gé aṣọ, àpá yípo. Wọ́n lọ sí Adátán, àpá yípo. Wọ́n lọ sí Ìta-Ọṣìn, àpá yípo. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá ti dán wò ni wọ́n ń fi kọ́ sórí okùn ní àgbàlá, títí àwọn aládùúgbò fi ń bi wá léèrè bóyá irú àdìrẹ tuntun kan ló jáde. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kò sí epo tó mọ́ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Bàbá mi ti ń sọ ọ́ pé àwọn á bá ọ̀rẹ́ àwọn kan sọ̀rọ̀ kó máa bá àwọn gbé epo bọ̀ láti Ìbàdàn. Ìbàdàn! Ọmọ Ẹ̀gbá, tó fẹ́ lọ tọrọ epo ní Ìbàdàn. Bí mo bá sì ti fẹ́ la ẹnu, wọ́n á ní, "Tìrẹ ti tán, aṣọ ti sọ̀rọ̀." Mo kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan ààbọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ìyá mi se ọ̀fadà, n kò sì fẹ́ hùwà àìmoore.

Ìyá mi ló ń rẹ aṣọ ní ilé wa. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn níbi aró, wọn ò ráyè tiwa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n dé, ọwọ́ wọn dú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n dúró sábẹ́ okùn, wọ́n fi ìka méjì mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà, wọ́n fi ìka rà á bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà.

"Alájì."

"Hẹn."

"Ṣé ẹ fọ aṣọ yìí kí ẹ tó kán epo sí i?"

Bàbá mi náà fi ìka ra ọ̀kan, ó ṣì le koko. 

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá gbé nítòsí Ìtòkú rí. Aṣọ tuntun tó bá ti ilé iṣẹ́ dé, sítáàṣì àti ọ̀rá wà lára rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó le, kó máa dán. Bí o kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, kò ní mu aró. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí fún ọjọ́ kan péré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi gan-an, ohùn wọn ti há rí nítorí pé wọ́n ń pariwo mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́: "Ẹ fọ̀ ọ́ ná! Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó kan aró!" Ọ̀rá ara aṣọ ni epo ń kó, tó ń tì í lọ sí etí, tí ó wá ń yípo síbẹ̀. Áńkáṣíìfù tí wọ́n lò ní Ọbáńtokò lọ́jọ́sí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá mi ń fọ̀ ọ́.

Ìyá mi ò pariwo. Wọ́n fa aṣọ kan tí àwọn ti fọ̀ yọ, wọ́n gba kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ti ọjọ́ Sátidé yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n kán ti Ọbáńtokò sí ọ̀tún, wọ́n kán ti ìtòsí sí òsì. A dúró. Méjèèjì fò lọ. Aṣọ funfun báláú, o ò lè mọ ibi tí wọ́n kán nǹkan sí.

Ó yẹ kó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìdérí yẹn sínú láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n rìn lọ sídìí orogún wọn, wọ́n fa àkísà yọ lẹ́nu táǹkì. Ìdajì ló jáde. Etí tó wà nínú ti já wẹ́wẹ́, òwú aláwọ̀ aró ń já bọ́ lára rẹ̀.

"Àkísà tí mo fún yín gùn tó apá mi," ni ìyá mi wí. "Ìyókù dà?"

Gbogbo wa ló mọ ibi tó wà. Ó wà nínú táǹkì. Òun ni mẹkáníìkì bá nínú páìpù tó fẹ́ sọ tí wọn ò jẹ́ kó sọ. Àdìrẹ tiwa fúnra wa ló fún ọkọ̀ wa lọ́rùn ní Ṣàpọ́n, a sì dì í ru elépo.

Bàbá mi wo àkísà, wọ́n wo okùn aṣọ, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, "Mo ń lọ kírun." Àkókò ìrun kankan ò tíì tó.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi sọ nǹkan kan nípa epo. Mo ń yí wọn po, mo ń wúkọ́ bí ọkọ̀ wọn. Mo lọ bá ìyá mi. Níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ yàrá mi ni mo bá wọn, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń wo abẹ́ ibùsùn, ẹnu sì yà wọ́n. Wọ́n nàró, wọ́n ní, "Agolo mọ́kànlá?" Mo ní ọ́ìlì ni. Wọ́n ní, "Mo rí i." Wọ́n ní kí n fi bàbá mi sílẹ̀, pé ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, kí n jẹ́ kó wá ọ̀nà tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin bàbá mi ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. Agbádá funfun ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni wọ́n wọ̀, àpá gíríìsì ṣì wà létí rẹ̀. A jáde. Nígbà tí a dé iwájú ilé epo, mo fẹ́ kọjá bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Yà."

Mo yà. Máníjà jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì, kò mi. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Àwọn ni àgbà, wọ́n sì ju máníjà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ kú àárọ̀, Máníjà."

Máníjà ń wo títì. Kò dáhùn. Ẹni tó ń ta epo dúró, àwọn oníbàárà dúró, ọlọ́kadà kan tó fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ pa ọkọ̀ rẹ̀ kó lè gbọ́.  Ó dùn mí fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn náà máníjà ní, jẹ́jẹ́, "Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ dán an wò, Alájì?"

Bàbá mi ti ọwọ́ bọ àpò agbádá. Wọ́n fa pẹ́lẹ́bẹ́ aṣọ funfun kan yọ. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ká a sí mẹ́rin. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi nà án sí i.

Wọ́n ní, "Mo ti fọ̀ ọ́."

Máníjà gbà á. Ó tú u, ó wò ó, ó gbé e sí imú. "Ọṣẹ wo lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ dúdú. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi fúnra mi."

Èjìká máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde, ó di gbẹ̀ẹ́, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó fi aṣọ náà nu ojú. Ó dìde, ó tẹ ara ba. "Ẹ kú àárọ̀, Alájì. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá ìdérí táǹkì kan jáde, ó ní kí wọ́n bá òun sọ àkísà yẹn nù.

"Ẹ kún un," ni bàbá mi wí fún ẹni tó ń ta epo, wọ́n sì ń wo ibòmíràn.

Epo ń dà. Èmi dúró síbẹ̀ bí ère, mò ń wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi yíjú, wọ́n rí mi, wọ́n rí ibi tí mò ń wò. Wọ́n tún agbádá wọn ṣe.

"Kí lo dúró ń wò? Ọkọ̀ yìí nílò ọ́ìlì."

Agolo mọ́kànlá wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo lọ ra ìkejìlá.